Òbìrìkìtì Tó Wà Lábẹ́ Ti Ọ̀gá

Tak Hye-ju gbé òbìrìkìtì ọ̀gá rẹ̀ gorí gbogbo àwọn yòókù nínú àwòrán kan kó lè fi bọ̀wọ̀ fún un, òbìrìkìtì náà sì bo ti Bang Du-seok mọ́lẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ Bang rọ̀ mọ́.

Fíríìjì tí wọ́n ń tọ́jú kimchi sí, ìyẹn ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi iyọ̀ àti ata pò tí wọ́n sì jẹ́ kó kan, ni wọ́n ń ṣe nílé-iṣẹ́ náà, lẹ́yìn ìlú Gwangju. Àwọn tó wà ní yàrá Hye-ju kì í fọwọ́ kan irin. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kọ́ fíríìjì tí kò tíì sí láyé. Wọ́n á tan iná sí i, wọ́n á kó ike kimchi sínú rẹ̀, wọ́n á sì máa wo bí òtútù ṣe ń rìn láàárín àwọn ike náà. Ètò tí wọ́n ń lò lè dán ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíríìjì wò láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Bó bá parí, á da nọ́ńbà sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Iṣẹ́ Hye-ju ni láti sọ àwọn nọ́ńbà yẹn di ohun tí ojú lè rí. Kò sí ohun tó tún wù ú ṣe. Bó bá ti jókòó sídìí rẹ̀, wọ́n ní láti pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mọ̀ pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Lọ́dún yẹn, àwọn aláṣẹ ní àwọn fẹ́ fíríìjì kékeré fún àwọn tó ń dá gbé. Ẹni tó ń dá gbé yàrá kan, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni fíríìjì rẹ̀ máa ń wà. Bó bá ń kùn, kò sí oorun. Gbogbo àwọn tó wà ní yàrá náà ló ya tiwọn, látorí Ọ̀gá Pyo Ik-hwan tó jẹ́ olórí wọn títí dórí Bang Du-seok tó jẹ́ òṣìṣẹ́ àdéhùn. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ya tó mẹ́wàá. Bang ya ẹyọ kan ṣoṣo. Nínú gbogbo rẹ̀, mẹ́ta péré ni wọ́n máa fi irin ṣe. Wọ́n ti sọ fún Bang lójú gbogbo ènìyàn pé bí tiẹ̀ bá wọ inú mẹ́ta yẹn, òun náà á di òṣìṣẹ́ gidi. Bí kò bá wọ̀ ọ́, àdéhùn rẹ̀ á parí nígbà tí oṣù bá parí, á gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Yeongam, á sì máa ká èso gam lórí igi bí ó ti ń ṣe kó tó kàwé.

Bí Hye-ju ṣe to àwòrán náà nìyí. Òbìrìkìtì kan fún fíríìjì kan. Bí fíríìjì bá ń jẹ iná púpọ̀, òbìrìkìtì rẹ̀ á sún sápá ọ̀tún. Bí òtútù inú rẹ̀ kò bá kárí, òbìrìkìtì á gòkè. Nítorí náà, igun ìsàlẹ̀ lápá òsì ni ibi tí gbogbo ènìyàn ń wá. Àwọ̀ ló fi sọ ariwo: pupa ni èyí tó ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, yẹ́lò ni èyí tó wà láàárín, búlúù ni èyí tó dákẹ́. Ó wá ku títóbi. Ètò náà bi í pé kí ni kí òun fi títóbi òbìrìkìtì sọ. Hye-ju kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Iye ike kimchi tí fíríìjì lè gbà ló fi sí i. Kò sí ẹni tó dàgbà ní Gwangju tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, fíríìjì tó bá gba ike púpọ̀ ló ń jẹ́ fíríìjì. Ìyá Hye-ju ní mẹ́ta nílé, ó sì tún ń sin ìkòkò kimchi sẹ́yìnkùlé.

Ètò náà tún bi í bóyá ìbú òbìrìkìtì ni kí òun fi wọn iye ike, tàbí gbogbo inú rẹ̀. Ó yan ìbú, torí pé òun ni wọ́n kọ sókè. Kò ronú pé bí ìbú bá di ìlọ́po méjì, gbogbo inú òbìrìkìtì á di ìlọ́po mẹ́rin, tí fíríìjì tó gba ike díẹ̀ sí i á wá dà bí òkè.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Àwòrán yọ, ṣùgbọ́n nǹkan kan níbẹ̀ kò bá a lára mu. Nínú tábìlì tí nọ́ńbà wà, bí ipò ṣe rí ni wọ́n to orúkọ, olórí lókè, òṣìṣẹ́ àdéhùn nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń to gbogbo nǹkan nílé-iṣẹ́ yẹn, títí kan ìjókòó inú mọ́tò tó ń gbé wọn lọ síbi ìsìnkú. Ètò náà sì ń yàwòrán láti òkè tábìlì wá sísàlẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ yà á wà nísàlẹ̀, àwọn yòókù á máa gorí rẹ̀. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo àwọn kékeré jókòó lé Ọ̀gá Pyo lórí. Hye-ju wò ó, ojú tì í bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló jókòó. Ó yí ìtò náà padà, kí ti ọ̀gá lè gbẹ̀yìn, kó sì wà lókè. Bó ṣe tún un ṣe tán ló gbàgbé pé òun ṣe é.

Ó wá dára lójú. Òbìrìkìtì ńlá kan, yẹ́lò, ní igun tó dára jù, bí ẹyin tí wọ́n dín lé ìrẹsì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi àwòrán náà han gbogbo yàrá, Bang na ọrùn títí. Orúkọ ń yọ bí Hye-ju ṣe ń gbé atọ́ka lé òbìrìkìtì kọ̀ọ̀kan, Bang ń wá tirẹ̀, kò rí i. Kò béèrè. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bá àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi àwòrán ránṣẹ́ sí Ọ̀gá àgbà Maeng lókè, pẹ̀lú orúkọ Pyo lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, Bang gbé àwo rẹ̀ wá kọjú sí Hye-ju.

"Àǹtí Tak," ó ní, "ṣé o ti ká gam rí?"

Bang ló dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ fi í ṣeré, àǹtí ló máa ń pè é, torí pé òun ni òṣìṣẹ́ gidi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun jàre. Kí ló kàn mí kan gam?"

"Ó máa tó kàn ọ́. Bó bá dọdún tó ń bọ̀, o máa pè mí lórí fóònù pé kí n bá ẹ dín owó gam kù, mi ò sì ní gbé e."

"Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀ ń lọ?"

"Àwòrán ẹ ni. Mo wò ó títí omi fi ń jáde lójú mi. Fíríìjì mi ò tiẹ̀ dáa tó ohun tí wọ́n ń yà."

"Gbogbo ẹ̀ la yà! Èyí tó burú gan-an wà níbẹ̀. Èyí tí èmi fúnra mi yà, tó ń kùn bíi tírélà tó ń gun òkè, ṣebí ẹ rí i níbẹ̀?"

"Mo rí i. Ó pọ́n bí ata."

"Ẹ ṣé o."

"Má bínú. Ó pọ́n dáadáa ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi Ọ̀gá Pyo léèrè."

Bang dá ṣíbí dúró nínú ọbẹ̀ doenjang rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò tíì ká eyín. "Kí n bi í pé kí ni? Pé, 'Ọ̀gá, tiyín mà tóbi o, ibo ni tèmi wà?' Ṣé orí mi pé ni?"

Ó fa ọbẹ̀ rẹ̀ mu tán, ó dìde, ó lọ.

Kì í ṣe àánú ló mú Hye-ju padà sídìí kọ̀ǹpútà kí àwọn yòókù tó jẹun tán. Kò yé e ni. Ohun tí kò bá yé e, kì í lè fi sílẹ̀. Ó mọ̀ dájú pé ètò náà dán ti Bang wò, ó sì parí rẹ̀, torí òun ló tẹ̀ ẹ́. Fíríìjì kì í dédé sọnù.

Ẹlòmíràn á kọ́kọ́ lọ wo inú tábìlì. Hye-ju kì í fẹ́ràn tábìlì. Nọ́ńbà tó bá pọ̀ máa ń dà rú mọ́ ọn lójú, ojú ló sì fi ń ronú. Ó jókòó síwájú àwòrán, ó ń wò ó.

Ọ̀pá àwọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, tó ń sọ àwọ̀ tó dúró fún ìwọ̀n ariwo kọ̀ọ̀kan. Ètò náà fúnra rẹ̀ ló ń gbé e kalẹ̀. Orí ọ̀pá ni fíríìjì tó pariwo jù, ìdí rẹ̀ ni èyí tó dákẹ́ jù. Ìdí ọ̀pá náà dúdú bí aró. Hye-ju wo ọ̀pá, ó wo àwòrán. Pupa wà níbẹ̀. Yẹ́lò wà. Àwọ̀ ewé wà. Búlúù fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ wà, ìkan tàbí méjì. Aró kò sí níbì kankan.

Ó tún un wò, ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà tó bẹ́ẹ̀ tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Aró kò sí.

Ṣùgbọ́n kò sí àwọ̀ lórí ọ̀pá yẹn tí kò ní fíríìjì tó ni ín. Bí aró bá wà ní ìdí rẹ̀, fíríìjì kan wà níbì kan tó ni aró, tó sì dákẹ́ ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

"Níbo lo wà?" Hye-ju bi í jẹ́jẹ́.

Ó kọ́kọ́ rò pé ó ti bọ́ síta. Ó fẹ àwòrán lọ sápá ọ̀tún, ó fẹ̀ ẹ́ lọ sókè. Àyè funfun lásán ló rí. Ó rò pé àwọn ńlá ló bò ó. Ó pa iye ike tì, ó ní kí gbogbo òbìrìkìtì kéré bákan náà. Wọ́n di hóró bí jéró, àwọn tó ti fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ńlá sì yọ jáde, àní ó rí búlúù kan tí kò rí tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ dùn fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé atọ́ka lé e, orúkọ ẹlòmíràn yọ. Aró kò sí síbẹ̀.

Èyí wá yà á lẹ́nu gan-an. Hóró kékeré kò lè bo hóró kékeré, àfi bí àwọn méjèèjì bá wà lójú kan náà gẹ́lẹ́.

Ó dá títóbi padà sí bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ló lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣètò bí àwọ̀ ṣe nípọn tó, ibi tí kò fọwọ́ kàn rí, ó fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo òbìrìkìtì fi dà bíi gíláàsì. Ó wo igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Nínú yẹ́lò ńlá ti Ọ̀gá Pyo, láàárín gbùngbùn, òbìrìkìtì kékeré kan wà tó dúdú tó sì tún rí bí àwọ̀ ewé, bí nǹkan tó rì sínú omi ọsàn. Ó gbé atọ́ka lé e. Orúkọ Pyo ló yọ, torí pé òun ló wà lókè.

Hye-ju wẹ̀yìn wò. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó yọ ti Pyo kúrò nínú àwòrán, ó sì dà bíi pé ó fa àga lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Òbìrìkìtì kékeré náà dá dúró níbẹ̀, aró paraku. Ó gbé atọ́ka lé e.

Bang Du-seok.

Ó wá lọ wo ohun tí Bang ṣe. Bang ti mú fíríìjì ọ̀gá gan-an, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó yí nǹkan kan ṣoṣo padà. Ó gbé fáànù kúrò lókè, ó dojú rẹ̀ dé nísàlẹ̀, ó jẹ́ kó tóbi kó sì máa yí jẹ́jẹ́. Iná tó ń jẹ kò yí padà. Òtútù rẹ̀ kárí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ariwo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tó pàdánù ni àyè ike kan péré. Ike kan yẹn, pẹ̀lú ìbú tí Hye-ju fi wọ̀n ọ́n, ló sọ ọ́ di kékeré tó fi wọ inú ti ọ̀gá wẹ́kú.

Ìgbà yẹn ló rántí ìtò tó yí padà. Bó bá jẹ́ pé ó fi í sílẹ̀ ni, orúkọ Bang tó wà nísàlẹ̀ tábìlì ni wọn ìbá yà gbẹ̀yìn, òun ni ìbá wà lórí gbogbo ènìyàn, tí aró rẹ̀ á máa wo gbogbo yàrá lójú.

Ó lọ bá Bang nídìí ẹ̀rọ kọfí, ó sọ ọ́ fún un. Bang kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó bo ẹnu, ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀gbọ́n! Iṣẹ́ yín ńkọ́?"

"Hye-ju, gbọ́. Mo mú fíríìjì ọ̀gá, mo tún un ṣe, tèmi wá dára ju tiẹ̀ lọ. Ṣé o rò pé wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún mi?"

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ ká gam ni?"

"Mi ò fẹ́." Ó wo inú ife rẹ̀. "Mi ò fẹ́ rárá."

Ohun tí Hye-ju nílò láti gbọ́ kò ju ìyẹn lọ. Ó lọ bá Pyo.

Pyo wà nídìí tábìlì rẹ̀, ó ti bọ́ bàtà, ó wọ sílípáàsì tó máa ń wọ̀ nínú ọ́fíìsì, ó sì gbé awò ojú lé iwájú orí. Òun ló kọ́ Hye-ju ní ètò náà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

"Ṣé ó ń jó ni?"

"Rárá sà."

"Tí kò bá ń jó, ó lè dúró."

"Ẹ bá mi wá aró ni, sà."

Pyo wò ó. Ó dìde. Ó jókòó sórí àga Hye-ju, Hye-ju sì fi ìdí ọ̀pá àwọ̀ hàn án, ó ní, "Aró yìí. Ó wà lórí ọ̀pá, kò sí nínú àwòrán."

"Ó wà níbẹ̀, ojú ẹ ni kò rí i." Ó fa awò ojú wálẹ̀. Ó wá a. Ó fi ìka tọ àwòrán látòkè délẹ̀. "Kò sí lóòótọ́."

"Mo mọ ibi tó wà, sà."

"Má sọ fún mi. Pa ẹnu mọ́."

Ó fẹ àwòrán sọ́tùn-ún, sókè, bí Hye-ju ṣe ṣe. Ó sọ gbogbo rẹ̀ di hóró. Ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹnu, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, sílípáàsì rẹ̀ kan sì bọ́, kò mọ̀. Hye-ju dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ra kó má baà tọ́ka. Nígbà tó yá, Pyo lọ síbi ìnípọn àwọ̀, ó fà á wálẹ̀.

"Háà! Ta ló wà lábẹ́ mi?"

"Ẹ̀gbọ́n Bang ni, sà."

"Bang? Bang wa yìí?" Ó ti yọ ti ara rẹ̀ kúrò, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn wò. Ó ṣí fíríìjì Bang, ó wo inú rẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ó dojú fáànù dé! Wo ọmọkùnrin yìí. Ó dojú fáànù dé! Láti ọjọ́ tí mo ti débí, òkè ni mò ń gbé fáànù sí. Ṣé o mọ ìdí rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Òkè ni ẹni tó kọ́ mi ń gbé e sí. Kò sí ìdí kankan mìíràn." Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú fi yọ̀ wálẹ̀ sí imú. Lẹ́yìn náà ló béèrè, "Ta ló wá gbé mi lé e lórí?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló dé?"

"Gbogbo wa la jókòó lé yín lórí. Kò dáa lójú mi."

Pyo kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo àwòrán.

"Maeng ti gba tàkọ́kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Orúkọ mi wà lábẹ́ rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tí a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ta ló máa mọ̀?"

Hye-ju rò ó, torí pé ìbéèrè ni. "Èmi, ẹ̀yin, àti Ẹ̀gbọ́n Bang."

Pyo wá sílípáàsì rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó fi ẹsẹ̀ fà á, ó wọ̀ ọ́. "A ti pọ̀ jù nìyẹn," ó ní. "Ya òmíràn. Jẹ́ kó dà bíi gíláàsì, kí o sì fi gbogbo inú wọn ike, má fi ìbú wọ̀n ọ́n mọ́. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìbú yẹn fún ẹ lọ́dún àkọ́kọ́. Kí o sì tẹ̀ lé mi wá sípàdé."

Maeng Seon-ok, Ọ̀gá àgbà, jẹ́ obìnrin tó kéré lára, tí kì í gbé ohùn sókè. Ó wo àwòrán tuntun náà lára ògiri, ó gbé ti tẹ́lẹ̀ sí iwájú rẹ̀, ó ń wò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Pyo dúró, ó ṣàlàyé fáànù tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ó dárúkọ Bang ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bang wà lẹ́nu ọ̀nà lórí àga tí kò ní apá, ó di ọwọ́ méjèèjì mú lórí orúnkún.

"Ó dára," Maeng sọ. "Ẹni tó bá ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa sùn. Èyí ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí mi ò rí i nígbà àkọ́kọ́?"

Hye-ju dìde kí Pyo tó la ẹnu. "Èmi ni, mà. Èmi ni mo yí ìtò padà, kí ti ọ̀gá lè wà lókè. Ọ̀gá ò mọ̀ nípa rẹ̀."

Maeng rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín inú rere. "Jókòó, ọmọ mi."

"Òótọ́ ni mò ń sọ, mà."

"Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá mi nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí ẹ. Mo ní èmi ni, ọ̀gá ò mọ̀. Irọ́ ni mò ń pa, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló sì mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n fẹ́ràn mi torí ẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Jókòó."

"Mà, tí ẹ bá jẹ́ kí n fi hàn yín bí ètò náà ṣe—"

"Hye-ju," Pyo sọ jẹ́jẹ́. "Jókòó."

Ó jókòó. Kò tíì ṣẹlẹ̀ sí i rí kó sọ òótọ́ tán kí wọ́n sì yìn ín fún irọ́.

Maeng kọjú sí Pyo. "Ọ̀gbẹ́ni Pyo, fíríìjì yín ló bo ti òṣìṣẹ́ àdéhùn yín mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i ni, àbí ẹ rí i?"

Èyí tó bá mú nínú méjèèjì, kò sí èyí tó dára. Bó bá ní òun rí i, olè ni. Bó bá ní òun kò rí i, ẹni tí kò lè ríran ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń ríran.

"Mi ò rí i, mà," Pyo sọ.

"Ẹ fọwọ́ sí ohun tí ẹ ò wò nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Maeng kọ nǹkan kan, ó sì béèrè bóyá kọfí kù.

Wọ́n mú ti Bang ṣe èkíní nínú mẹ́ta. Ti Pyo kò wọ̀ ọ́. Kí oṣù tó parí, Bang ti di òṣìṣẹ́ gidi, wọ́n sì fún un ní àga tó ní apá. Ó ra ẹran fún gbogbo yàrá ní ilé oúnjẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì bu ọtí fún Pyo, kò sì lè wò ó lójú. Pyo ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ fáànù ṣáá: bí wọ́n bá dojú rẹ̀ dé ní ẹ̀gbẹ́ ńkọ́, bí wọ́n bá lo méjì kéékèèké ńkọ́. Bang ń dáhùn, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Hye-ju tún lọ bá Maeng ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà dání, ó sì fi hàn án gẹ́lẹ́ bí òun ṣe to àwòrán náà, ìtò, ìbú, ìnípọn, gbogbo rẹ̀. Maeng wò ó dé òpin. Ó ní ó dùn mọ́ òun láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó bi í léèrè ọ̀nà tí èèyàn lè gbà fi ọjọ́ orí oníbàárà sí ara àwọ̀, Hye-ju sì fi hàn án, torí pé kò lè ṣe kó má fi hàn án. Nígbà tó ń jáde, Maeng ní, "Inú Pyo á dùn pé ó ní irú ẹ." Hye-ju wá mọ̀ pé Maeng kò gba òun gbọ́.

Nígbà tí ọdún parí, tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n ń gbé káàkiri mọ́ ara pátákó, wọ́n gbé Pyo lọ sí ilé ìkẹ́rùsí ní Jangseong. Kò sí ohun tí olórí àwọn tó ń ya fíríìjì lè ṣe nílé ìkẹ́rùsí. Páálí ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kó fúnra rẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí wọ́n bá rán lọ síbẹ̀, wọn kì í sì í fi ẹnu sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ń kó ẹrù, Hye-ju lọ dúró síwájú tábìlì rẹ̀. Ó ti to ohun tó fẹ́ sọ, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ọ̀gá, èmi ló—"

"Ṣé o ti wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí o bá fi bí fáànù ṣe ń yára tó sára títóbi?" Pyo bi í. "Tí o bá fi ike sára àwọ̀, tí ariwo wá lọ sókè?"

"Mi ò tíì wò ó, sà."

"Wò ó. Mo rò pé nǹkan kan ṣì wà níbẹ̀ tí a ò rí."

Ó lọ sí Jangseong fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí ọdún tuntun tí wọ́n ń fi òṣùpá kà tó dé, ó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jìnnà mọ́. Ó jókòó sílé ní Gwangju. Ètò náà wọ́n kọjá ohun tí ẹnì kan lè dá rà, ilé-iṣẹ́ mìíràn kò sì gba ẹni tó ti dàgbà tó yẹn, nítorí náà, láti ìgbà yẹn, kò tún ya fíríìjì kankan mọ́.